Ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn níléèwé: Àbújá ti sọ tirẹ̀, tíṣà dà?

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ wà nílẹ̀ Hausa, ẹ̀yin ará Sábó, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí ti pẹ́ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún ti di tuntun láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti tún ìlànà ẹ̀kọ́ ṣe ní ọdún 2025. Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn níléèwé ìjọba ni. Ìgbàkígbà tí Àbújá bá fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ yìí, wàhálà ló máa ń dá sílẹ̀ láàrin Mùsùlùmí àti Kristẹni. Ìwé ìròyìn á gbé e, rédíò á máa pariwo rẹ̀, àwọn aṣíwájú ẹ̀sìn á máa sọ̀kò ọ̀rọ̀ síra wọn. Nígbà tí ariwo bá rọlẹ̀ tán, ọmọ tí wọ́n torí rẹ̀ pariwo á tún padà sínú kíláàsì tí kò ní tíṣà.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn. Àríyànjiyàn tí wọ́n ń ṣe lórí bóyá kí wọ́n so ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn pọ̀ mọ́ iṣẹ́ mìíràn tàbí kí wọ́n jẹ́ kó dá dúró, kò kan àwa tí a wà lájò tó bí àwọn kan ṣe rò. Ohun tó kàn wá ni pé kí ọmọ Kristẹni tó wà ní Kánò rí tíṣà tí yóò kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ Bíbélì, kí ọmọ Mùsùlùmí tó wà ní Aba náà sì rí tíṣà tí yóò kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù. Kò sì sí ẹ̀yà tó lè bá ìjọba sọ ọ̀rọ̀ yìí kó wọlé bíi ti Yorùbá, nítorí àwa la ní ọmọ níhà méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rántí bí ọ̀rọ̀ ṣe débi tó dé. Àwọn bàbá wa tó bá ọkọ̀ ojú irin wá sí Kánò láti ọdún 1911 lọ sókè, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Ọ̀ffà, ará Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá, kò pẹ́ tí wọ́n fi kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí. Bí wọ́n ṣe ń ronú ilé ìsìn ni wọ́n ń ronú iléèwé. Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá kọ́ iléèwé ló ń wá tíṣà sí i. Ìjọ ló ń wá tíṣà Bíbélì. Àwọn ẹgbẹ́ Mùsùlùmí bíi Ansar-Ud-Deen, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó lọ́dún 1923, ló ń wá tíṣà tó mọ kéwú síléèwé tiwọn. Kò sí pé à ń kọ lẹ́tà sí ìjọba lórí ìyẹn.

Nígbà tó di àwọn ọdún 1970, àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ gba ọ̀pọ̀ iléèwé lọ́wọ́ ìjọ àti ẹgbẹ́ ẹ̀sìn káàkiri Nàìjíríà. Wọ́n ní ìdí tí wọ́n fi ṣe é. Wọ́n fẹ́ kí ọmọ gbogbo èèyàn rí iléèwé wọ̀, kí wọ́n má sì máa fi ẹ̀sìn lé ọmọ kankan sẹ́yìn. Ire pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ tíṣà ẹ̀sìn ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ní ẹ̀sìn, tó di ti ìjọba. Bí ìjọba bá rántí, á gba tíṣà síṣẹ́. Bí kò bá rántí, àga á ṣófo, kò sì sí ẹni tí wọn yóò bi.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí ìlànà ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀. Ní ọdún 2010, àpérò tí ààrẹ pè lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ sọ pé iṣẹ́ tí wọ́n ń kó lé ọmọ lórí ti pọ̀ jù, àfi kí wọ́n dín in kù. NERDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń kọ ìlànà ẹ̀kọ́, wá bẹ̀rẹ̀ sí kó iṣẹ́ jọ sínú ara wọn. Wọ́n mú ẹ̀kọ́ Kristẹni, wọ́n mú ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù, wọ́n mú ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ, ẹ̀kọ́ nípa ojúṣe ọmọ ìlú àti ẹ̀kọ́ nípa ètò ààbò, wọ́n kó gbogbo wọn sábẹ́ orúkọ kan tó ń jẹ́ Religion and National Values. Ọdún 2014 ni àwọn iléèwé bẹ̀rẹ̀ sí lò ó.

Ọdún 2017 ni ọ̀rọ̀ náà bú jáde. Àwọn aṣíwájú CAN, tí Rẹ́fẹ́rẹ́ǹdì Samson Ayọ̀kúnlé jẹ́ ààrẹ wọn nígbà náà, tọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò lọ, ẹni tó ń delé de ààrẹ lákòókò náà, wọ́n ní àwọn kò fara mọ́ ọn. Wọ́n ní wọ́n ti sọ ẹ̀kọ́ Kristẹni di ìdajì iṣẹ́, àti pé kò yẹ kí ọmọ Kristẹni máa rí ohun tó tako ìgbàgbọ́ rẹ̀ nínú ìwé kan náà tó fi ń kọ́ ẹ̀kọ́. NERDC dáhùn pé àwọn kò yọ ẹ̀kọ́ Kristẹni kúrò, pé ọ̀tọ̀ ni apá ti Kristẹni, ọ̀tọ̀ ni ti Mùsùlùmí, kò sì sí ọmọ tí wọ́n fipá mú kọ́ ti ẹlòmíì. Nígbà tó yá, ìjọba gbà kí wọ́n ya ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn méjèèjì sọ́tọ̀ padà.

Tí ẹ bá bi mí, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ló ní òtítọ́ nínú. Òótọ́ ni pé NERDC kò pa ẹ̀kọ́ Kristẹni rẹ́. Òótọ́ náà ni pé tí wọ́n bá kó iṣẹ́ márùn-ún sínú ọ̀kan, tíṣà kan ṣoṣo ni ọ̀gá iléèwé yóò fún un, ohun tí tíṣà ọ̀hún bá sì mọ̀ nìkan ni yóò kọ́ wọn. Bó bá jẹ́ Mùsùlùmí, apá Ìsìláàmù ni yóò mọ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ Kristẹni, apá ti Kristẹni ni. Èyí tí kò mọ̀, á fò ó, tàbí kó sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n lọ kà á nílé.

Wọ́n yà á sọ́tọ̀ o. Ṣé tíṣà wá tìtorí pé wọ́n yà á? Ibẹ̀ ni ìbéèrè mi wà. Iléèwé tí kò ní tíṣà Bíbélì kí wọ́n tó yà á, kò ní in lẹ́yìn tí wọ́n yà á tán. Ohun tí wọ́n ṣe ò ju pé ìlà kan tí wọ́n ti pa lórí tàìmù tébù padà sójú rẹ̀ lọ.

Ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ tún kéde òmíràn. Wọ́n ní kí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kíláàsì kìíní sí ìkẹta máa ṣe iṣẹ́ 9 sí 10, kíláàsì kẹrin sí ìkẹfà iṣẹ́ 10 sí 12, girama kékeré 12 sí 14, girama àgbà 8 sí 9. Nínú ìlànà tuntun náà, ẹ̀kọ́ Kristẹni wà fún ọmọ Kristẹni, ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù sì wà fún ọmọ Mùsùlùmí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Lórí ìwé, Mùsùlùmí àti Kristẹni ò lè sọ pé wọ́n fi àwọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé kì í kọ́ ọmọ fúnra rẹ̀.

Ó yẹ ká mọ ibi tí okùn ti ń já, torí ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń bú Àbújá nígbà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ò sí ní Àbújá mọ́. NERDC ló ń kọ ìlànà. Ìgbìmọ̀ àpapọ̀ lórí ẹ̀kọ́, níbi tí mínísítà àti àwọn kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́ láti ìpínlẹ̀ gbogbo ti ń pàdé, ló ń fọwọ́ sí i. Iṣẹ́ Àbújá fẹ́rẹ̀ẹ́ parí síbẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, ọwọ́ ìpínlẹ̀ ló wà. Ìpínlẹ̀ ló ń gba tíṣà. SUBEB, ìyẹn àjọ tó ń mójú tó iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ló mọ iye tíṣà tó wà àti iṣẹ́ tí kálukú kọ́ wá. Ọ̀gá iléèwé ló sì ń pín tíṣà tó bá rí sórí tàìmù tébù. Nítorí náà, kí mínísítà sọ̀rọ̀ ní Àbújá títí ilẹ̀ ó fi ṣú, bí ìpínlẹ̀ kò bá gba ẹni tó kọ́ṣẹ́ Bíbélì wá sí Kánò, tàbí ẹni tó kọ́ṣẹ́ Ìsìláàmù wá sí Enugu, òfìfo ni.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ wa? Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ níléèwé ìjọba mọ̀ ọ́n ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ. Bí àkókò ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn bá tó, tíṣà Ìsìláàmù wọlé. Ọmọ Kristẹni ní ọ̀nà mẹ́ta níwájú. Ó lè jókòó kó máa gbọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó lè jáde lọ jókòó sábẹ́ igi títí iṣẹ́ náà yóò fi parí. Ó sì lè ṣe ìdánwò rẹ̀ náà, kó má baà ṣí àyè sílẹ̀ nínú káàdì èsì. Nígbà tí wọ́n bá fi dé kíláàsì ìdánwò àṣejáde, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tiwọn fún ọdún mẹ́sàn-án, òun sì jẹ́ pé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi nìkan ló ní.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ilẹ̀ Hausa nìkan lèyí ti ń ṣẹlẹ̀ o. Ẹ bi àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Aba, ní Onitsha, ní Enugu léèrè. Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn ará Ìlọrin, ará Ìwó, ará Ìsẹ́yìn. Àròyé tí Kristẹni ń ṣe níhìn-ín ni wọ́n ń ṣe lọ́hùn-ún. Tíṣà Bíbélì wà lọ́hùn-ún, ti kéwú ni kò sí. Ọmọ wọn náà ń jókòó sábẹ́ igi. Igi méjì ni, ọ̀kan ní àríwá, ọ̀kan ní ìlà-oòrùn, ọmọ Yorùbá ló jókòó sábẹ́ méjèèjì. Ó lè jẹ́ ọmọ ìyá kan náà ni bàbá àwọn ọmọ méjèèjì.

Kí ni òfin sọ? Abala 38 ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé wọn kò gbọdọ̀ fi dandan mú ọmọ iléèwé kankan gba ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, tàbí kó bá wọn ṣe ìsìn, bí ẹ̀sìn náà kì í bá ṣe tirẹ̀, tàbí tí òbí rẹ̀ kò fọwọ́ sí i. Abala kan náà sọ pé wọn kò gbọdọ̀ dí ìjọ tàbí ẹlẹ́sìn lọ́wọ́ láti kọ́ ọmọ tirẹ̀ ní ẹ̀sìn tirẹ̀ níléèwé tó jẹ́ pé òun nìkan ló ń bọ́ ọ. Òfin yìí kò dárúkọ ẹ̀sìn kankan. Ọmọ onímọ̀ Ìṣẹ̀ṣe, tí ìlànà ẹ̀kọ́ ò dárúkọ ẹ̀sìn bàbá rẹ̀ rárá, wà lábẹ́ ààbò rẹ̀ bí ọmọ àlùfáà àti ọmọ pásítọ̀ ṣe wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ka òfin náà dáadáa. Ó ní kí wọ́n má fipá kọ́ ọmọ wa ní ẹ̀sìn ẹlòmíì. Kò sọ níbẹ̀ pé dandan ni kí ìjọba wá tíṣà ẹ̀sìn tiwa fún wa. Òfin yẹn dà bí odi ilé: ó lè dáàbò bo ọmọ, kò lè fún un lóúnjẹ. Èyí tó yẹ ká dì mú láti fi béèrè tíṣà ni ìlànà ẹ̀kọ́ tí ìjọba fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí, tó sọ pé ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn wà fún ọmọ kálukú, àti abala 18 ìwé òfin kan náà, tó ní kí ìjọba rí i pé àǹfààní ẹ̀kọ́ tó dọ́gba tó sì péye wà fún gbogbo èèyàn. Ẹni tó bá lọ sọ́fíìsì ìjọba láti jà láìmọ ibi tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ mọ, ọwọ́ òfìfo ni yóò fi padà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á sọ pé, "Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí kálukú kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀sìn nílé, kí iléèwé dojú kọ ìṣirò àti gẹ̀ẹ́sì." Ọ̀rọ̀ gidi ni, mi ò sì bá wọn jiyàn lórí apá kìíní rẹ̀. Ọmọ tí kò rí àdúrà nílé, iléèwé ò lè fún un. Ṣùgbọ́n ìjọba ti pinnu pé ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn jẹ́ iṣẹ́ tó ní máàkì. Ní WAEC, ẹ̀kọ́ Kristẹni àti ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù jẹ́ ojúlówó iṣẹ́ tí ọmọ lè fi wọ yunifásítì lọ kọ́ oríṣiríṣi ẹ̀kọ́. Níwọ̀n ìgbà tí máàkì bá ti wà níbẹ̀, kò tọ́ kí ọmọ kan ní tíṣà kí èkejì má ní. Kí wọ́n fún méjèèjì, tàbí kí wọ́n yọ máàkì náà kúrò fún gbogbo wọn.

Àwọn mìíràn á ní ká kó ọmọ lọ síléèwé aládàáni. Ẹni tó bá lágbára, kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ iye tí owó iléèwé aládàáni jẹ́ lónìí. Ìyá tó ń ta àgbàdo lẹ́bàá títì, bàbá tó ń rán aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré, iléèwé ìjọba ni ọmọ tiwọn ń lọ. Àwọn gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí.

Àwọn kan sì ń bẹ tí wọ́n á sọ pé àlejò ni wá, pé kí àlejò má ṣe béèrè jù. Mo gbà pé ó yẹ ká mọ ìwà hù. Wọ́n gbà wá láàyè níhìn-ín, a jẹ, a mu, a bímọ, a kọ́lé, ọ̀pọ̀ àwọn onílé wa jẹ́ èèyàn dáadáa, àwọn ọ̀gá iléèwé kan sì wà tí wọ́n ń wá tíṣà fún ọmọ wa láìjẹ́ pé a béèrè. Ẹ jẹ́ ká máa dúpẹ́ lọ́wọ́ irú wọn ní gbangba. Síbẹ̀, ọmọ Nàìjíríà ni ọmọ wa, a sì ń san owó orí. Ká fi ọ̀wọ̀ béèrè ohun tí ìjọba ti kọ sílẹ̀ pé ọmọ wa ní, ìyẹn kì í ṣe àfojúdi.

Ohun tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ jù ni bí a ṣe ń gbé ìjà ilé wá sójú àjò. Nílé, a ti fi ọ̀rọ̀ ìbòrí bá ara wa jà. Ní Kwara lọ́dún 2021, wọ́n ti àwọn iléèwé kan pa nítorí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti Èkó dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, wọ́n sì dájọ́ ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 2022 pé ọmọbìnrin Mùsùlùmí lẹ́tọ̀ọ́ láti lo ìbòrí níléèwé ìjọba. Ẹjọ́ ti parí, mi ò fẹ́ tún un dá. Ṣùgbọ́n nígbà tí irú ìjà bẹ́ẹ̀ bá ti wọ ààrin wa lájò, Mùsùlùmí Yorùbá á máa rò pé, "Kí ló kàn mí nínú tíṣà Bíbélì?" Kristẹni Yorùbá tó wà ní Onitsha náà á máa rò pé, "Kí ló kàn mí nínú tíṣà kéwú?" Báyìí ni ọmọ méjèèjì ṣe ń wà lábẹ́ igi.

Ó kàn yín o, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá. Kò sí ìdílé Yorùbá mélòó kan tí ẹ lè kà tí ẹ kò ní rí Mọ́rúfù àti Samúẹ́lì lábẹ́ òrùlé kan. A jọ ń jẹ ẹran Iléyá, a jọ ń jẹ ìrẹsì Kérésìmesì. Bí ó bá jẹ́ pé Kristẹni nìkan ló lọ bá ìjọba ní Kánò, wọ́n á rò pé CAN ló tún fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé Alájì tó jẹ́ àgbà nínú mọ́sálásí Yorùbá ló ṣáájú, tó ní, "Ọmọ àbúrò mi ni ọmọ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá tíṣà fún un," ta ni yóò pè é ní ọ̀tá Ìsìláàmù? Bẹ́ẹ̀ náà ni bí alàgbà ìjọ ní Aba bá ṣáájú àwọn òbí tó jẹ́ Mùsùlùmí lọ sọ́fíìsì. Ohun tí ẹ̀yà mìíràn ò lè ṣe láìfa ìfura, àwa lè ṣe é.

Kí ni ká wá ṣe? Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ ìlú kọ̀ọ̀kan, ti Ògbómọ̀ṣọ́, ti Ọ̀ffà, ti Ìjẹ̀bú, ti Èkìtì, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kíka ọmọ. Iléèwé wo ni wọ́n ń lọ, kíláàsì wo, ẹ̀sìn wo, ṣé tíṣà wà tàbí kò sí? Ìjọba kì í dáhùn ariwo bó ṣe ń dáhùn iye. Tí a bá kà á tán, kí àwọn àgbà Mùsùlùmí àti Kristẹni jọ kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí ọ̀gá iléèwé, kí ẹ̀dà rẹ̀ lọ sí SUBEB. Kí àwọn òbí máa lọ sípàdé àwọn òbí àti tíṣà, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ló jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n bá lé ọmọ wálé nìkan la máa ń rántí iléèwé.

Lẹ́yìn náà, ká wo ààrin wa. Àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì wà níbí tí wọ́n gba ìwé ẹ̀rí NCE nínú ẹ̀kọ́ Bíbélì tàbí ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù. Àwọn ọmọ agùnbánirọ̀ ń wá lọ́dọọdún, a sì lè bẹ ọ̀gá iléèwé kó béèrè fún èyí tó kọ́ṣẹ́ ẹ̀sìn. Bí ẹgbẹ́ bá lè dá owó ọkọ̀ fún tíṣà bẹ́ẹ̀, tí ọ̀gá iléèwé sì gbà á wọlé lọ́nà tó bófin mu, ọmọ wa á rí nǹkan kọ́ kí ìjọba tó dìde. Kò ní ká dákẹ́ lẹ́nu bíbéèrè o, torí ojúṣe ìjọba ni.

Àwọn àgbà sọ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. A ti kọ́lé lájò, a ti kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, a ti kọ́ mọ́sálásí. Ẹ jẹ́ ká má jẹ́ kí orúkọ ẹ̀sìn ya ọwọ́ wa nígbà tó kan ọmọ, nítorí ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Sáà ẹ̀kọ́ mìíràn ń bọ̀. Kí ó tó wọlé, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ yín lálẹ́ òní: "Ta ní ń kọ́ ẹ ní ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn níléèwé?" Bí kò bá rí ẹni dárúkọ, ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sípàdé ẹgbẹ́ tó ń bọ̀. Olúwa yóò wo àwọn ọmọ wa dàgbà, kò ní jẹ́ ká fi àjò ṣòfò. Àmín.